“Fúyẹ́” lẹ́nu, kì í ṣe lórí: bí a ṣe ń tọ́ sìgá ewé Nikarágúà wò

Nígbà Kérésìmesì, ọmọ ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Bódìjà ti Amẹ́ríkà dé, ó sì gbé àpótí pákó pẹlẹbẹ kan fún bàbá rẹ̀. Sìgá márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sanra bí àtàǹpàkò, àwọ̀ wọn dà bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Wọ́n kọ ọ́ sára àpótí náà pé Nikarágúà ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì kọ “mild to medium” sí i. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá pé ó fúyẹ́, kò le jù. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ “fúyẹ́”, ọ̀rọ̀ sì ti parí lọ́kàn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu, ó tan ọ̀kan, ó ń fà á léraléra bí awakọ̀ tí èrò ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ kún, ó sì ń gbé èéfín rẹ̀ mì. Kò tíì mu ún dé ìdajì tí òógùn fi bò ó, ilé ń yí i lójú, ó ní láti lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó pè mí lórí fóònù: “Àbúrò, ṣé àwọn èèyàn yìí ń pa irọ́ fún wa ni?”

Mo ní, “Wọn ò pa irọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu ni wọ́n ń sọ, ẹ̀yin rò pé orí ni wọ́n ń sọ.”

Èmi ni ó pè nítorí ó mọ̀ pé ìdí òwò kòkó ni mo dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti ń fi imú, ojú àti ọ̀bẹ yẹ ọjà wò. Ó sì mọ̀ pé èmi náà máa ń mu irú sìgá yìí, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Lọ́dọ̀ wa, sìgá ni a ń pe gbogbo rẹ̀, àtèyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì àtèyí tí àwọn olówó ń mú dání nínú fíìmù. Nínú àlàyé yìí mo máa pe ti ẹ̀gbọ́n ní sìgá ewé, torí ewé ló wà nínú rẹ̀, ewé náà ni wọ́n fi wé e, kò sí pépà níbẹ̀.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé nǹkan mẹ́ta ló wà nínú èéfín sìgá ewé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì sábà ń fi ṣàpèjúwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ gbé gbẹ̀gìrì síwájú yín. Ó ki, ó lẹ̀ mọ́ ahọ́n, ó kún ẹnu títí dé ọ̀nà ọ̀fun. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tí gbẹ̀gìrì pa bí ọtí. Ẹ wá gbé ògógóró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ́ gaara bí omi, kò wúwo lẹ́nu rárá, ṣùgbọ́n ife kékeré mélòó kan ti tó láti gbé géńdé ọkùnrin ṣánlẹ̀. Bí gbẹ̀gìrì ṣe kún ẹnu yẹn ni àwọn tó mọ sìgá ewé ń pè ní “body”. Ìkúnẹnu ni mo máa pè é. Ohun tí ògógóró ń ṣe fún orí àti ìkùn ni wọ́n ń pè ní “strength”. Agbára nìyẹn, nikotíìnì inú tábà ló sì ń fà á. Ẹ̀kẹta ni adùn: kí ni ó jọ lẹ́nu, ṣé ó pọ̀ tàbí kò pọ̀? Ọbẹ̀ lè ki kó má dùn. Ọbẹ̀ mìíràn lè ṣàn bí omi kí adùn irú àti ata inú rẹ̀ máa ké tantan.

Ìkúnẹnu ni “mild to medium” ń tọ́ka sí níbi tí wọ́n bá ti lò ó bó ṣe yẹ: èéfín tó dà bí ògì tó ṣàn, tó fẹ́ máa ki díẹ̀, tí kò tíì di ẹ̀kọ. Àwọn tó ń tà á pàápàá máa ń po ìkúnẹnu pọ̀ mọ́ agbára, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi lọ́jú. Òótọ́ ni pé sìgá ewé tó fúyẹ́ lẹ́nu kì í sábà le púpọ̀ lórí. Àmọ́ tábà ni tábà. Ẹni tó bá mu ún lórí ìkùn òfìfo, tó sì ń fà á bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀, yóò rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ gbígbé èéfín mì yìí nílò àlàyé díẹ̀. Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí tábà. Iléeṣẹ́ sìgá ti wà níbí láti ọdún 1937, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn sì ti gbin ewé rẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé tó ń di sìgá onípépà, ooru inú abà ni wọ́n sábà fi ń gbẹ ẹ́ kíákíá. Èéfín rẹ̀ kan díẹ̀, nikotíìnì rẹ̀ kì í sì í ráyè wọlé dáadáa láti ẹnu, àfi tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró. Ewé sìgá tí à ń sọ yìí, afẹ́fẹ́ lábẹ́ ibòji ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èéfín rẹ̀ sì sún mọ́ ìwà kán-ún ju ìwà ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ń lọ aṣáà ìdí tí wọ́n fi ń fi kán-ún sí i. Kán-ún ló ń tú nikotíìnì sílẹ̀ kó lè gba awọ ẹnu àti ti imú wọlé. Nítorí náà, sìgá ewé kò nílò ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fà á sẹ́nu, ẹ jẹ́ kó yí ahọ́n ká, ẹ fẹ́ ẹ síta, bí àwọn bàbá wa ṣe ń mu ìkòkò tábà.

Mi ò ní torí ìyẹn sọ pé kò léwu. Sìgá ewé ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀fóró, àní fún ẹni tí kò gbé e mì. Sìgá ewé ńlá kan lè ní tábà tó tó ti páálí sìgá onípépà kan odindi. Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 kò sì gbà kí wọ́n tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Bí ẹ kò bá mu tábà rí, ẹ má tìtorí tèmi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń dá kòkó mọ̀ láìjẹ ṣokoléètì.

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti rí i níbì kan tí ẹnìkan kọ ọ́ pé irú sìgá yìí ní kòkó, ẹ̀pà, oyin àti ata nínú. “Ta ló dà wọ́n sí i?” Kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sí i. Ẹ ronú nípa irú. Hóró igi igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, kò ní òórùn irú, àfi tí wọ́n bá bò ó mọ́lẹ̀ kó gbóná fúnra rẹ̀, kó sì máa ta imú bí ilé tí wọ́n ń da ìtọ̀ sí. Ẹ ronú nípa kòkó fúnra rẹ̀: hóró tútù korò, kò sì jọ ṣokoléètì níbikíbi, àfi tí a bá kó o jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà, tí a sá a, tí wọ́n sì yan án. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe sí tábà yìí. Wọ́n á to ewé gbígbẹ tó ti gba ọ̀rinrin lé ara wọn bí òkìtì ńlá, inú òkìtì náà á gbóná, wọ́n á máa tú u palẹ̀, wọ́n á máa tún un tò, fún oṣù púpọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ta imú bí ti irú a jáde kúrò nínú rẹ̀, ìkorò a dínkù. Ṣúgà àti àwọn èròjà inú ewé a bá ara wọn pàdé, iná tí a fi tan án a sì parí iṣẹ́ náà. Díẹ̀ nínú àwọn èròjà tó ń fún kòkó yíyan àti kọfí ní òórùn wọn wà nínú èéfín tábà náà. Ìrántí ni ahọ́n ń rántí.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Àwọn ewé inú ni wọ́n kó jọ gbọọrọ. Ewé kan wé wọn kí wọ́n má tú ká. Ewé tó tẹ́jú jù, tí kò ya, tí kòkòrò kò lu, ni wọ́n fi bò ó. Ẹni tó ti jẹ mọ́ínmọ́ín eléwé àti èyí tí wọ́n sè nínú agolo mọ̀ pé ewé ìta kì í dákẹ́. Nínú àpótí ẹ̀gbọ́n, ewé ìta yìí pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó sì ń dán. Irúgbìn Connecticut ní Amẹ́ríkà ni irú ewé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ní Connecticut fúnra rẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń ta bo oko kí oòrùn má ba ewé jẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń gbìn ní Ecuador, níbi tí ìkùukùu ojú ọ̀run ti ń ṣiṣẹ́ aṣọ yẹn láìgba owó. Ewé tí kò rí oòrùn púpọ̀ a máa tín-ínrín, a sì máa rọ̀ lẹ́nu.

Ẹ má wá tìtorí èyí rò pé gbogbo sìgá dúdú ló le. Àwọ̀ kì í sọ agbára. Ọ̀pọ̀ ewé dúdú jẹ́ èyí tí wọ́n jẹ́ kó gbóná pẹ́ nínú òkìtì, ó sì máa ń dùn ju ti pupa lọ. Nọ́ńbà tó wà lára àpótí náà kò sọ agbára. Níbi tí wọ́n bá ti kọ 5 × 50, gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì márùn-ún, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 50 nínú ìdá 64 ínṣì kan. Ẹ̀gbọ́n ti rò pé 50 yẹn dà bí ìdá ọtí tí wọ́n ń kọ sára ìgò.

Ibi tí agbára ti ń wá ni ipò ewé lára igi. Ewé ìsàlẹ̀ fúyẹ́, ó sì ń jó geere. Ti àárín ló ní òórùn dídùn jù. Ti òkè téńté, tí oòrùn ń pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ló nípọn, tó ní òróró, tí nikotíìnì rẹ̀ sì pọ̀ jù. Orúkọ tí wọ́n ń pe ti òkè yìí ni ligero. Ẹ ò ní gbà gbọ́, “fúyẹ́” ni ligero túmọ̀ sí ní èdè Sípéènì! Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n, ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ní Kékeré. Ẹni tó ń po sìgá tó fúyẹ́ a fi díẹ̀ sí i nínú ewé òkè, tàbí kó má tilẹ̀ fi sí i.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Nikarágúà? Orílẹ̀-èdè náà wà ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, láàárín Honduras àti Costa Rica, ilẹ̀ rẹ̀ sì kún fún eérú òkè ayọnáyèéfín tó ti jẹrà di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ní 1959, àwọn ọmọ ogun Fidel Castro gba ìjọba Kúbà, kò sì pẹ́ tí ìjọba fi gba oko àti iléeṣẹ́ tábà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Nígbà tó di 1962, Amẹ́ríkà fòfin de ọjà Kúbà. Àwọn ìdílé kan tó mọ iṣẹ́ náà kó ìmọ̀ àti irúgbìn wọn lọ sí Honduras, Dominican Republic àti Nikarágúà. Iléeṣẹ́ Joya de Nicaragua bẹ̀rẹ̀ ní Estelí lọ́dún 1968, ìlú yẹn ló sì ti di olú ìlú sìgá ewé níbẹ̀. Ilẹ̀ Estelí dúdú, ó wúwo. Ewé rẹ̀ ní ata, ó sì lágbára. Ti Jalapa, lápá ààlà Honduras, rọ̀, ó sì dùn díẹ̀. Condega wà láàárín àwọn méjèèjì. Òkìkí Nikarágúà lápapọ̀ jẹ́ ti ata, bí ẹ bá sì rí èyí tó fúyẹ́ láti ibẹ̀, ohun tó yẹ kí ẹ wá ni ibi tí wọ́n fi ata yẹn pa mọ́ sí. Nígbà púpọ̀, imú ni ẹ ti máa rí i.

Ó wá ku bí a ṣe ń tọ́ ọ wò gan-an. Ẹ jẹun yó, ẹ wá jókòó síta níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀, tí kò sí ọmọdé. Ẹ fi ìka tẹ sìgá náà láti orí dé ìdí. Kò gbọdọ̀ dún bí ewé tó gbẹ, kò sì gbọdọ̀ ní ibi tó le bí òkúta tàbí ibi tó ṣófo. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ń run bí ọjà pákó Bódìjà láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la igi. Apá kan jẹ́ ti ewé, apá kan jẹ́ ti àpótí. Ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má gé e kọjá ibi tí fìlà ewé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn parí sí, ẹ sì fà á láìtíì tanná. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀. Bí ó bá dí báyìí, iná kò ní là á.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan án, ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yá iná díẹ̀ kí ẹ tó fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fà á bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Ìkánjú ni ọ̀tá adùn níbí: bí ó bá ti gbóná jù, ìkorò ni gbogbo rẹ̀ máa dà, ẹ ó sì máa bú ewé tí kò ṣẹ̀ yín.

Imú ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kì í mọ adùn ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ahọ́n rẹ̀ kò ṣàìsàn. Ahọ́n mọ iyọ̀, dídùn, kíkan, ìkorò àti adùn irú bí ti ẹran. Gbogbo ìyókù, imú ló ń sọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí èéfín bá wà lẹ́nu, ẹ fẹ́ èyí tó pọ̀ jáde láti ẹnu, kí ẹ wá jẹ́ kí ìyókù kékeré gba imú jáde díẹ̀díẹ̀. Ó lè ta yín nígbà àkọ́kọ́. Ata Estelí tí mo sọ nìyẹn. Lẹ́yìn tó bá ti ta, ẹ dúró, kí ẹ wo ohun tó kù. Ó dà bí obì: ìkorò rẹ̀ kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀, ohun tí omi dà lẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ẹ má fi èdè ẹlòmíràn sọ ohun tí ẹ tọ́ wò. Àwọn òyìnbó máa ń kọ orúkọ bísíkíìtì àti èso tí a kò jẹ rí. Bí ó bá jọ ẹ̀pà yíyan, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jọ búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, tàbí koríko lẹ́yìn òjò, tàbí ata gígún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pín sìgá náà sí mẹ́ta lójú, kí ẹ sì kọ ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ó ń yí padà. Bí iná ṣe ń sún mọ́ ẹnu, èéfín ń gbóná sí i, ohun tó ti lẹ̀ mọ́ ewé inú sì ń pọ̀ sí i. Ìparí ló máa ń le jù nínú ọ̀pọ̀ sìgá ewé.

Nídìí kòkó, wọ́n máa ń la 300 hóró sí méjì, wọ́n á ka èyí tó bu, èyí tí kòkòrò jẹ àtèyí tí kò gbóná tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n tó sọ ipò tí àpò wà. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó ń là á bóyá ó fẹ́ràn ṣokoléètì. Ẹ ya “ó dára” sọ́tọ̀ kúrò lára “mo fẹ́ràn rẹ̀” bẹ́ẹ̀. Ó dára bí ó bá jó yíká dọ́gba, bí ó bá fà dáadáa, bí adùn rẹ̀ bá yí padà láìdàrú, bí ohun tó kù lẹ́nu kò bá korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń jó yára ju ìkejì lọ, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ rí i bóyá á tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ti eérú, àwọn kan gbà pé bí ó bá funfun, sìgá náà dára. Èròjà tó wà nínú ilẹ̀ oko ni eérú ń sọ, kì í ṣe adùn.

Ní Ìbàdàn, ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí lè ba gbogbo ìdájọ́ yín jẹ́. Ọ̀rinrin bíi 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá sìgá ewé mu. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ wa kọjá ìyẹn dáadáa, sìgá á bu bí búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, á gbẹ, ewé ìta á sì sán. Ooru wa pẹ̀lú máa ń mú kí ẹyin inú tábà di kòkòrò. Bí ẹ bá rí ihò róbótó kékeré lára rẹ̀, wọ́n ti débẹ̀. Kúlà tí ìdérí rẹ̀ dé dáadáa, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń ṣàkóso ọ̀rinrin, tó fún ẹni tó ní márùn-ún. Kì í ṣe inú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n kó tirẹ̀ sí.

A mu èkejì ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lórí bárándà rẹ̀, lẹ́yìn àmàlà. Ó gba wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀pà ni, èmi ní búrẹ́dì. Ní àárín, a jọ gbà pé kòkó wà níbẹ̀, èyí tí wọn kò tíì fi ṣúgà sí. Nígbà tó gba imú, ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní ata náà rèé. Èmi fún un ní méje nínú mẹ́wàá nítorí pé ó jó gẹ̀gẹ̀rẹ̀ níbì kan. Ó ní márùn-ún, pé ẹja ṣì ń run níbẹ̀. Ó pa á nígbà tó ku bí ìka méjì, kò sì sí òógùn kankan. Kó tó wọlé, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sábẹ́ “mild to medium” lára àpótí náà: “Ògì ni. Lẹ́yìn oúnjẹ nìkan.”